Àwọn Ọmọbìnrin Tó Ń Dìrí ní Wọ́ọ̀dù Àwọn Obìnrin

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, òòyà onígi kan sì máa ń wà nínú irun rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, àfi bí ẹni tó ń retí pé kí ẹnìkan wá jókòó síwájú òun nígbàkigbà. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ fi ń pè é ní Òòyà. Ìyá rẹ̀ gan-an ti gba orúkọ ọ̀hún. Ó ní, "Tí mo bá fi orúkọ tí mo sọ ọ́ pè é, á rò pé mo fẹ́ bá òun wí ni."

Ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn wa ló rán mi sí i. Ìgbìmọ̀ ìlú fẹ́ bu ọlá fún àwọn ọmọbìnrin tí kò tíì pé ogún ọdún, tí wọ́n ṣe iṣẹ́ ìrànwọ́ fún ará àdúgbò, tí wọ́n sì kó àwọn ẹgbẹ́ wọn mọ́ra láti ṣe é. Orúkọ Òòyà wà lára wọn. N kì í tètè gba irú ẹ̀yẹ bẹ́ẹ̀ gbọ́. Mo ti rí i rí tí ọmọ kan gbin igi, tí àwọn ayàwòrán yí i ká bí ìyàwó tuntun, tí igi náà sì ti kú kí fọ́tò tó jáde. Nígbà tí wọ́n wá sọ fún mi pé irun ni ti ọmọ yìí, pé ó ń bá àwọn aláìsàn dìrí nílé ìwòsàn, mo béèrè bóyá kò sí ẹlòmíràn tí mo lè lọ bá.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ilé ìwòsàn ti lé e jáde.

Ọ̀sán Ọjọ́rú ni mo dé ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀. Yàrá kan ni, ó ní dígí gígùn kan, àga mẹ́ta, àti ẹ̀rọ ìgbẹrun kan tó ń pariwo ju bó ṣe ń gbẹrun lọ. Oníbàárà kan jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ náà, òmíràn ń dúró. Òòyà nà gbalaja sílẹ̀ láàárín yàrá, ó dojú kọ àjà, ìyá rẹ̀ sì ń gba orí rẹ̀ kọjá bí ẹni tó ń gba orí àpò sìmẹ́ǹtì kọjá.

Mo béèrè ohun tó ń ṣe é.

Ìyá rẹ̀ ní, "Ẹ bi í. Oníbàárà méjì wà nílẹ̀, ẹni tó yẹ kó ràn mí lọ́wọ́ ń sùn."

"N ò sùn o, Màmá. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń dùn wọ́n ni."

Ó dìde jókòó, ó sì sọ ọ̀rọ̀ náà fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan wà tó kọ́ ọ nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Ìyá Olùkọ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ìyá náà ṣubú ní ilé ìwẹ̀, egungun itan rẹ̀ ṣẹ́. Wọ́n so ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ mọ́ irin, wọ́n ní kò gbọdọ̀ dìde lórí ibùsùn. Nígbà tí Òòyà lọ kí i, ìyá náà fa aṣọ ìbora bojú, ó ní kó máa lọ sílé. Kì í ṣe ẹsẹ̀ ló ń tì í lójú, orí ni. Irun rẹ̀ ti lọ́ pọ̀ bí òwú tí ológbò fi ṣeré, kò sì gba ọmọ tàbí ọmọọmọ láyè kó rí òun bẹ́ẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ti fẹ́ fá a kanlẹ̀. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí lóòótọ́, ṣùgbọ́n olórí wà níbẹ̀, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ débi pé ó ti ní kí wọ́n máa fá a lọ.

Òòyà bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún òun láyè. Ó fi òróró tú irun náà díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn ilé-ìwé, títí ó fi tú tán, ó sì dì í. Obìnrin orí ibùsùn kejì ní, "Èmi ńkọ́?" Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó kó ọmọ kíláàsì rẹ̀ márùn-ún, ó kọ́ wọn níṣẹ́. Méjì méjì ni wọ́n ń ṣe é: ẹnìkan á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbé orí aláìsàn sókè díẹ̀, èkejì á máa dì. Ní gbogbo Sátidé, wọ́n wà níbẹ̀.

Mo ní, "Kí ló wá dé tí wọ́n lé yín?"

Ó fi ọwọ́ kan ìpàkọ́ ara rẹ̀. "Egbò. A dìrí Ìyá Olùkọ́ lọ sẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ wá pàdé ní ìpàkọ́, a ká a rìbìtì. Tó bá jókòó, ó máa rẹwà gan-an. Ṣùgbọ́n Ìyá Olùkọ́ kì í jókòó."

Irun tí wọ́n ká rìbìtì yẹn ni ìyá náà fi sùn lé títí awọ ìpàkọ́ rẹ̀ fi bó. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí kò fẹ́ kí wọ́n bá àwọn ọmọ náà wí. Mátírọ̀n ló rí ẹ̀jẹ̀ lára ìrọ̀rí. Ọjọ́ náà ló ní kí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kó òòyà wọn, kí wọ́n má padà wá mọ́. Ìgbìmọ̀ ìlú ní tiwọn ti sọ pé àwọn kì í bu ọlá fún iṣẹ́ tí àwọn kò fojú rí, Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n sì fẹ́ wá wò ó. Tí ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù bá ṣì wà ní títì, orúkọ rẹ̀ á jáde.

"Ó dùn mí," ni ó wí, "ṣùgbọ́n obìnrin méjì ṣì wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ìdajì orí wọn la tú. Ìdajì kejì ṣì wà bó ṣe wà. Báwo lèèyàn ṣe ń gbé irú orí yẹn?"

Ìdí tó fi ń nà gbalaja nìyẹn. Ó ń di oríṣiríṣi irun sórí ara rẹ̀, ó ń sùn lé e, kó lè mọ èyí tí kì í gúnni. Èyí tó wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni ẹ̀kẹta.

Ìyá rẹ̀ ní, "Èyí ńkọ́?"

"Ó ṣì ń gún mi."

Obìnrin abẹ́ ẹ̀rọ ìgbẹrun ní, "Ẹ fá a fún wọn jàre. Orí tí kò nírun kì í ṣègbò."

Ìyá Òòyà fi òòyà ìlàrí sẹ́nu, ó ń wo ọmọ rẹ̀ nínú dígí. Ó wá yọ ìlàrí lẹ́nu. "Ta ló bá yín ṣe é ní àdéhùn pé ẹ̀yìn ni irun gbọ́dọ̀ lọ? Ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ ńkọ́?"

Ẹ̀rín sọ ní ṣọ́ọ̀bù. Irun àwọn ọmọdé ni ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀. Láti ọrùn ni wọ́n ti ń dì í bọ̀ wá síwájú, gbogbo ìdí rẹ̀ á wá parí sí iwájú orí. Kò sí àgbàlagbà tó ń sanwó kí wọ́n dì í fún òun.

Oníbàárà tó ń dúró ní, "Tíṣà àgbà ni ẹ fẹ́ di ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ fún? Ẹ kúkú gbé báàgì ìwé kọ́ ọ léjìká, kẹ́ ẹ fún un ní súwíìtì."

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín," ni ìyá náà wí. "Ìwọ, bọ́ síbí."

Ó jókòó sórí àga, ọmọ rẹ̀ jókòó sílẹ̀ láàárín orúnkún rẹ̀. Ọwọ́ ìyá náà yá débi pé n kò lè tẹ̀ lé e. Nígbà tó parí, Òòyà tún nà sílẹ̀. Ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Gbogbo wa ń dúró.

"Màmá, ilẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́."

Ọjọ́ kejì, mo tẹ̀ lé e lọ sí ọ́fíìsì Mátírọ̀n, obìnrin gíga kan tí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kò rún níbì kankan. Bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Bí Òòyà ṣe wọlé ló kúnlẹ̀.

"Dìde," ni Mátírọ̀n wí. "Wọn ò tíì fọ ilẹ̀ yẹn."

Ó dìde.

"Orí aláìsàn kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Egbò tẹ́ ẹ dá sí i lára, èmi ni mò ń tọ́jú ẹ̀ láràárọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ má bínú."

"Kí lo wá gbà níbí?"

"Mo fẹ́ dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì yín, mà."

Mátírọ̀n wò mí, bí ẹni pé èmi ni mo kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òòyà dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn àyẹ̀wò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ti ọwọ́ yín bọ abẹ́ orí mi. Tẹ́ ẹ bá rí ohun tó gún yín lọ́wọ́, màá lọ sílé."

Obìnrin náà ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó ní kó yí orí. Ó ní kó tún un yí. Ó fi ìka tọ ìlà irun kọ̀ọ̀kan láti ọrùn dé iwájú, bí ẹni tó ń wá iná orí. Lẹ́yìn náà ló lọ fọ ọwọ́, ó ṣì kọ ẹ̀yìn sí wa nígbà tó sọ̀rọ̀.

"N ò sọ pé mo gbà o. Ẹni tẹ́ ẹ ṣe léṣe ni kó o lọ bi. Tó bá gbà, mo gbà."

Ìyá Olùkọ́ dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn tó wà nítòsí fèrèsé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ̀ lókè. Ó gbọ́ gbogbo àlàyé náà tán. Ó wá ní, "Ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ kẹ̀? Èmi tí mo ní ọmọọmọ mẹ́rin?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà."

"Nígbà tó o wà ní kíláàsì mi, tó o bá ṣe ìṣirò tí kò tọ̀nà, o kì í sunkún. O máa ń pa á rẹ́ ni." Ó yí ojú sí Mátírọ̀n. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n pa á rẹ́. Tí àwọn tí mo kọ́ bá rí mi, kí wọ́n sọ pé mo padà sí kíláàsì kìíní."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n dì í. Egbò náà ti ń jiná, Mátírọ̀n fi báńdéèjì bò ó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ lókè rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Mátírọ̀n yẹ orí náà wò, ó yẹ ìrọ̀rí wò. Kò yin ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní, "Àwọn méjì tí ìdajì orí wọn wà nílẹ̀ ńkọ́? Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ìgbìmọ̀ fẹ́ wá bá wọn?"

Nígbà tí ìgbìmọ̀ dé ní Sátidé, àwọn ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà lẹ́nu iṣẹ́. Alága wọn jẹ́ ọkùnrin tó ń ta ohun èlò ìkọ́lé, ohun tó bá ṣeé fi ọwọ́ gbá ló sì ń gbà gbọ́. Ó dúró láàárín wọ́ọ̀dù, ó wò yíká.

"Mo rí i pé wọ́n ń gbìyànjú," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n àwọn kan gbẹ́ gọ́tà fún wa. Àwọn kan kun ilé-ìwé. Irun, wọ́n á tú u lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ló máa ṣẹ́kù?"

Ká má parọ́, ìbéèrè tèmi náà nìyẹn. Òòyà gbọ́ ọ, ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí obìnrin tó ń dìrí fún.

Mátírọ̀n ní, "Ẹ jókòó ná, sà."

Alága wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Kò sáàga."

"Kò sí. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, àga àlejò wà ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ ògiri yìí, eruku nìkan ló ń jókòó sórí wọn. Àwọn obìnrin yìí kì í fẹ́ kí wọ́n rí wọn. Wọ́n á ní kí ọkọ padà, kí ọmọ padà. Oúnjẹ tá a bá gbé fún wọn á tutù. Ẹ wò ó báyìí." Ó nawọ́ sí àwọn àlejò tó jókòó yí ibùsùn ká, àwọn kan méjì sórí àga kan, ọmọdé kan gun ibùsùn ìyá ìyá rẹ̀, ó ń ka ìlà irun orí rẹ̀. "Ẹni tó rí èèyàn rẹ̀ ń jẹun. Ẹni tó ń jẹun ń tètè lọ sílé. Èyí tó ṣẹ́kù nìyẹn, sà."

Mo jáde lọ bi ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bóyá òótọ́ ni. Inú rẹ̀ kò dùn rárá. "Àwọn ọmọ onídìrí yẹn?" ni ó wí. "Àwọn ló fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ mi. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rí ààyè rẹjú lásìkò àbẹ̀wò."

Mo padà wọlé, mo bá alága lórí ìdúró níbi tí mo fi í sí. Obìnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìrí rẹ̀ tán ń bi í bóyá ó ti níyàwó.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni ayẹyẹ náà wáyé, nínú gbọ̀ngàn ìlú. Sátidé ni. Ìyá Òòyà ti ṣọ́ọ̀bù, ó kọ ọ́ sẹ́nu ọ̀nà pé kí oníbàárà tí kò bá lè dúró dé Mọ́ńdè lọ máa fi ìborùn bo orí. Ìlà iwájú ló jókòó sí. Nígbà tí wọ́n pe ọmọ rẹ̀, tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ márààrún gun orí pèpéle, ó kọjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́."

"A ti gbọ́," ni ẹni náà wí. Ó sì jọ pé kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ni ó ti gbọ́ ọ.

Alága gbé àmì ẹ̀yẹ lé Òòyà lọ́wọ́, ó ní òun ti ta búlọ́ọ̀kù fún ìlú yìí láti ìgbà èwe òun, àmọ́ òun kò rí iṣẹ́ tó gbé èèyàn ró báyìí rí. Àtẹ́wọ́ gba gbọ̀ngàn kan. Nígbà tó rọlẹ̀, ẹnìkan dìde láàárín èrò. Mátírọ̀n ni, nínú aṣọ iṣẹ́.

"Wọ́ọ̀dù méjì mìíràn ń bi mí nígbà tí yóò kàn wọ́n," ni ó wí. "Mélòó lẹ̀yin?"

"Mẹ́fà, mà."

"Kò tó. Wá àwọn mìíràn sí i."

Òòyà yí ojú sí ibi tí àwọn ọmọ ilé-ìwé jókòó sí. Kò tíì béèrè nǹkan kan tí ọwọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè, ọ̀kan, mẹ́ta, lẹ́yìn náà ó pọ̀ ju ohun tí mo lè kà. Ó gbé àmì ẹ̀yẹ náà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan kó bá òun dì í mú, ó sì sún mọ́ etí pèpéle.

"Ẹ má sọ ọ́ kalẹ̀," ni ó wí. "Ẹ yí ẹ̀yìn ọwọ́ yín sí mi kí n rí i. Ẹni tí èékánná rẹ̀ bá gùn, kó lọ gé e kó tó wá bá mi lọ́la."