Òrùka Idẹ Lọ́rì Bàámi

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí àwọn lọ́rì onípákó. Bàámi ní ọ̀kan. Kékeré ni mo wà nígbà náà, n kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, òyìnbó ṣì ń ṣèjọba. Kofar Marke ní ìlú Sokoto là ń gbé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ògbómọ̀ṣọ́ làwọn òbí mi ti wá. Àlùbọ́sà ni Bàámi ń kó lọ sí Gusau, gbogbo ilé wa sì máa ń rùn fún àlùbọ́sà, títí kan ìrọ̀rí mi.

Lọ́dún kan, àbúrò Màámi fẹ́ gbéyàwó. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí Màámi ti fojú kan Ògbómọ̀ṣọ́ gbẹ̀yìn, lọ́rì yìí la sì fẹ́ gbé lọ. Àmọ́ ara lọ́rì ò yá. Bó bá ti sáré díẹ̀, sítíárìn á máa gbọ̀n lọ́wọ́ Bàámi, iwájú ọkọ̀ á sì máa fà sínú igbó. Bàámi ní òun á rọra wà á.

Màámi ní, "Ẹ rọra wà á lọ. Èmi àtàwọn ọmọ á máa retí yín níbí."

Ni Bàámi bá ránṣẹ́ sí Kano. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn irin tuntun dé nínú àpò: súpíríǹgì, irin gígùn tó so ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì pọ̀, kíńgípìn méjì tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ fi ń yí sọ́tùn-ún sósì, àti òrùka idẹ mẹ́rin tí àwọn kíńgípìn yẹn máa ń wọ inú wọn. Àwọn òrùka náà ń dán bíi wúrà. Ojú mi ò kúrò lára wọn.

Láàárọ̀ Sátidé, Bàámi àti Málàm Garba, mẹkáníìkì tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa, fi jáákì gbé imú lọ́rì sókè lẹ́nu ọ̀nà wa, wọ́n ki ìtì igi sábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì tú táyà. Kíńgípìn àtijọ́ ti dípẹtà, ó kọ̀, kò jáde. Òòlù ń dún gbì, gbì. Àwọn tó ń kọjá ń kí wọn kú iṣẹ́ pé "Sannu da aiki," wọ́n sì ń dúró wòran. Nígbà tó yá, Màámi fọn ẹyín iná wá láti ibi ààrò, wọ́n fi yan irin náà títí ó fi gbóná janjan. Òòlù mẹ́ta péré, ó bọ́. Màámi bu fúrá fún wọn, ó ń rìn bí ẹni tó gba ipò kìíní.

Ibi tí wọ́n ti ń mu fúrá ni mo ti mú òrùka kan. Èmi àti Hadiza, ọmọ Málàm Garba, ń to òkìtì iyanrìn, à ń fi nǹkan pamọ́ sínú ọ̀kan kí ẹnì kejì wá a. Mo fi òrùka pamọ́. Àfi bí ewúrẹ́ méjì ṣe já wọ àárín wa, tí wọ́n tú gbogbo òkìtì ká. A wá a, a ò rí i. Mo dákẹ́.

Bàámi ka òrùka, ó jẹ́ mẹ́ta. Ó tún un kà. Ó wá fi Hausa bi Málàm Garba bóyá ó ti ki ọ̀kan sápò láìmọ̀. Ọkùnrin yẹn da gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ níṣojú àwọn òǹwòran, ó sì yọ àpò ẹ̀wù rẹ̀ síta. Mi ò tíì rí àgbàlagbà tí ojú ń tì bẹ́ẹ̀ rí.

Mo ní, "Bàámi, èmi ni mo mú un. Ó wà nínú iyanrìn."

Bàámi ò wò mí. Málàm Garba ló yíjú sí, ó bẹ̀ ẹ́ níwájú gbogbo àwọn tó dúró. Màámi gbé ajọ̀ èlùbọ́ jáde, gbogbo wa kúnlẹ̀, a ń jọ iyanrìn Kofar Marke bí ẹni ń jọ èlùbọ́. Málàm Garba fúnra rẹ̀ ló rí i. Ó fi aṣọ rẹ̀ nù ún, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n má nà mí.

Wọn ò nà mí lóòótọ́, àmọ́ Bàámi ní kí n fi kẹrosíìnì fọ gbogbo bóòtì àti nọ́ọ̀tì ọkọ̀ náà títí wọ́n á fi mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni túwó ń rùn kẹrosíìnì lọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí wọ́n ti to gbogbo irin tuntun náà tán, Bàámi wa lọ́rì dé Kofar Rini, ó sì wà á padà. Bó ṣe ń sún mọ́lé, ó gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò lórí sítíárìn kí Màámi lè rí i. Lọ́rì ń bọ̀ gbọọrọ. Màámi wọlé lọ di ẹrù. A bá wọn ṣe ìgbéyàwó náà.

Láyé ìsinsìnyí, bí mọ́tò ọmọ mi bá ní àrùn, àwọn mẹkáníìkì á wá gbé e lọ, wọ́n á sì fi fóònù sọ fún wa pé ó ti yá. Ó máa ń yá lóòótọ́, kì í sì í pẹ́. Màá wọ inú rẹ̀, màá jókòó sẹ́yìn, a ó sì máa sáré lọ. N kì í mọ orúkọ ẹni tó tún un ṣe.