Ẹ̀gbọ́n Mi Fi Ráàpù Tọrọ Ẹ̀rọ, Wọ́n Fi Ijó Dá A Lóhùn

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ní ìlú Alice, nínú ilé tí wọ́n ń kó àwọn aláìsàn abúlé sí. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni. Èmi àbúrò rẹ̀, akọ̀wé ìròyìn, ajìjàgbara orí bébà, mo jókòó sí ọ́fíìsì, mò ń kọ̀wé nípa bí kò ṣe sí ibi tí èèyàn lè gbé mọ́tò sí nínú ìgboro. Ọ̀rọ̀ ńlá gbáà!

N kò ní dárúkọ rẹ̀. Lọ́dọ̀ àwa ọmọ onílẹ̀ aṣálẹ̀ yìí, bí èèyàn bá kú, orúkọ rẹ̀ á sinmi, àwòrán rẹ̀ á sinmi, ohùn rẹ̀ náà á sinmi, títí ẹbí yóò fi ní ó tó. Kumanjayi là ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi pè é bẹ́ẹ̀.

Ọgbọ̀n ọdún ni Kumanjayi fi kọ́ àwọn ọmọ Kànga Iyọ̀, abúlé wa, ní ìwé ní èdè wa. Nígbà tó yá, kíndìnrín rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀. Alice nìkan ni ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ wà, wákàtí mẹ́fà sí abúlé wa lójú ọ̀nà eruku pupa. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló gbọ́dọ̀ jókòó tì í. Bí obìnrin tí kò fẹ́ràn ìgboro rí ṣe di ará ìgboro nìyẹn. Àgbà wa mélòó ló ti bá ọ̀nà yẹn lọ, tó jẹ́ pé inú pósí ni wọ́n bá padà?

Ṣùgbọ́n kò jókòó sunkún. Nígbà kan tó sáré wálé, ó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jọ sí ilé ìwé, wọ́n tan kọ̀ǹpútà láti gba ohùn sílẹ̀, ìyá arúgbó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ráàpù ní èdè wa:

*Ẹ gbé ẹ̀rọ wá bá ẹ̀jẹ̀,*
*ẹ yé gbé ẹ̀jẹ̀ lọ bá ẹ̀rọ!*
*Èmi kì í ṣe lẹ́tà tí ẹ ó fi ránṣẹ́,*
*ilé ni mo ní, ilé ni mo fẹ́ gbé.*

Mo gbọ́ ọ. Kí ni ọlọ́gbọ́n èèyàn bí èmi kọ sínú ìwé ìròyìn? Mo kọ ọ́ pé kí àwọn ìyá àgbà fi eré ọmọdé sílẹ̀ fún ọmọdé. Ó pè mí lórí fóònù.

"Japaljarri, o ní mo ti dàgbà jù?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, àwàdà ni mo ń ṣe."

"Ó dáa. Ìwọ tí o kò tíì dàgbà, kí lo ti fi ẹnu tìrẹ bèèrè fún wa?"

Mo ní fóònù mi fẹ́ kú. Irọ́ ni. Ojú ló ń tì mí.

Orin náà tàn kálẹ̀ títí dé Darwin, níbi tí ìjọba ìpínlẹ̀ wa wà. Ọdún yẹn, mínísítà ètò ìlera wá sí àjọ̀dún orin ní Alice. Bí Kumanjayi ṣe mú orin náà sẹ́nu, mínísítà fò sórí pèpéle, ó ń ju ọwọ́ bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Ó ṣèlérí ẹ̀rọ fún Kànga Iyọ̀ lójú gbogbo ayé. Ó tún na ọwọ́ sí mi pé kí n wá jó. Mo jó! Ikùn mi ló ṣáájú mi dórí pèpéle. Mo gbé àwòrán náà sójú ewé mi, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ìjọba Tó Ń Gbọ́ Orin Wa." Ó gbọ́ orin lóòótọ́. Ta ló sọ pé ó gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀?

Wọ́n kọ́ ilé ẹ̀rọ náà sí abúlé wa. Ẹ̀rọ méjì dé pẹ̀lú àga méjì, wọ́n gé ríbọ́nù, mo jẹ búrẹ́dì ẹlẹ́ran wọn ní ìlọ́po mẹ́ta. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rántí kọ́ ilé fún nọ́ọ̀sì. Láìsí ilé, nọ́ọ̀sì kò wá. Láìsí nọ́ọ̀sì, ẹ̀rọ kì í dá fọ ẹ̀jẹ̀. Mo débẹ̀ lẹ́yìn ogún oṣù. Ọ̀rá tí wọ́n fi dì wọ́n ṣì wà lára àwọn àga náà, ajá kan sì ti bímọ sábẹ́ àtẹ̀gùn. Òun nìkan ni aláìsàn tí ilé náà ti gbà. Ǹjẹ́ mo kọ ọ́? Mo ń retí kí ilé iṣẹ́ ìjọba kọ́kọ́ fèsì lẹ́tà mi. Ẹ kò rí i bí mo ṣe ń fara balẹ̀ ṣiṣẹ́?

Lọ́jọ́ Jímọ́ tó ṣáájú ikú rẹ̀, ó tún pè mí. "Àbúrò, gbé mi lọ sílé lópin ọ̀sẹ̀ yìí, kí n fi ẹsẹ̀ tẹ iyanrìn wa. Màá ti padà dé kí ọjọ́ ẹ̀rọ mi tó pé."

Mo ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, pé mo ní ìpàdé.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ikú rẹ̀, ilé iṣẹ́ ìjọba ṣe àpérò ní hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan lórí bí a ṣe ń tẹ́tí sí ará abúlé. Kí ni wọ́n fi ṣí i? Orin Kumanjayi. Ojú rẹ̀ ga lára ògiri bí ilé. Wọn kò bi ẹnikẹ́ni nínú ẹbí. Dulcie, ọmọ ìyá rẹ̀, jókòó nínú gbọ̀ngàn náà. Ó fi aṣọ bo ojú, ó pohùnréré ẹkún jáde. Òṣìṣẹ́ kan gbé tíì tẹ̀ lé e, èmi náà tẹ̀ lé wọn.

"Màmá, ẹ má bínú. A rò pé inú yín máa dùn ni."

Dulcie kò gba tíì. "Nígbà tó ń pariwo, ẹ di etí. Ìgbà tó yẹ kó sinmi lẹ wá ń fi ipá mú un kọrin."

Ó yíjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́, akọ̀wé? Ṣé wọ́n ti gé ọwọ́ rẹ ni?"

Wọn kò gé e. Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Ẹni tó pàṣẹ pé kí wọ́n gbé ohùn òkú wa sáfẹ́fẹ́, kó wá sí Kànga Iyọ̀, kó jókòó sórí ilẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tó buwọ́ lu ilé ẹ̀rọ láìsí ilé nọ́ọ̀sì, a fẹ́ mọ orúkọ rẹ̀. Ẹni yẹn ṣì wà láàyè, a lè pe orúkọ tirẹ̀.

Àwọn mẹ́rìnlá láti abúlé wa ló ṣì wà ní Alice. Lánàá, bàbá arúgbó kan nínú wọn, Wilson Jungarrayi, di ọwọ́ mi mú lẹ́nu ọ̀nà ibi ẹ̀rọ. Kò bú mi. Ó kàn ní, "Ọmọ mi, ọjọ́ wo ni nọ́ọ̀sì ń bọ̀?"

Mínísítà, èmi kò mọ̀ ọ́n. Ẹ wá dá bàbá lóhùn.