Ẹ̀rọ Géèmù Tí Wọn Ò Sọ Iye Rẹ̀

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Àǹtí Gbóná ti fi ń lọ aṣọ nílé ìfọṣọ kan ṣoṣo. Ẹ̀yìn pátápátá ni tábìlì rẹ̀ wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kékeré kan tó kọjú sí ògiri, ibẹ̀ ló sì ti gba ìnagijẹ yẹn, torí kò sẹ́ni tó dúró tì í fún ìṣẹ́jú márùn-ún tí òógùn kì í bò. Bó bá gbé ṣẹ́ẹ̀tì kan sókè, kì í wo nọ́ńbà ara rẹ̀ kó tó mọ ẹni tó ni ín. Èyí ni ti ọkùnrin tó máa ń fi ìgbọ̀nwọ́ ti tábìlì. Tọ̀hún ni ti obìnrin tó máa ń da tíì sáyà. Àpá iná mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ọdún tó kọ́kọ́ débẹ̀ ló sì gba gbogbo wọn. Látìgbà náà, kò jó ara rẹ̀ mọ́, kò sì jó aṣọ aláṣọ rí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé obìnrin ọlọ́dún mẹ́rìndínláàádọ́ta yìí máa ń gbá géèmù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló kó o sí i lórí. Ọdún mẹ́jọ ni Ẹ̀gbọ́n fi jù ú lọ, ó sì ti pẹ́ tó ti ń gbé lókè òkun. Nígbà tí ìyá wọn kú ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, Ẹ̀gbọ́n fowó ránṣẹ́: owó pósí, owó mọ́tò, owó àga, kò sí èyí tí kò san. Òun fúnra rẹ̀ ni ò wá. Àǹtí Gbóná nìkan ló dá dúró létí sàréè lọ́jọ́ náà tó ń dá àwọn èèyàn lóhùn pé Ẹ̀gbọ́n ń bọ̀, Ẹ̀gbọ́n wà lọ́nà, títí tí wọ́n fi kó yẹ̀pẹ̀ bo pósí tán.

Látìgbà náà, bí wọ́n bá fóònù ara wọn, kì í pé ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó dìjà. Bí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látorí òjò, ìjà ni. Bí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látorí ìlera, ìjà náà ni. Nígbà tó yá, wọ́n ò pe ara wọn mọ́. Lọ́jọ́ kan, ẹrù kékeré kan dé láti ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀rọ géèmù kan tí wọ́n ń gbé lọ́wọ́ ló wà níbẹ̀, tó fẹ̀ tó ìwé àdúrà, pẹ̀lú bébà tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí: “Èmi náà ní irú ẹ̀. Wá bá mi nínú ọgbà.”

Àǹtí Gbóná jù ú sórí kọ́bọ́ọ̀dù fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọjọ́ tó gbé e sọ̀ kalẹ̀, tó sì tàn án, ó bá Ẹ̀gbọ́n nínú ọgbà kan létí odò inú géèmù náà, tó ń bomi rin ata. Bí wọ́n ṣe tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Àìkú, wọ́n á pàdé níbẹ̀, wọ́n á gbin nǹkan, wọ́n á pẹja. “Ata ti pọ́n o.” “Ẹ má fọwọ́ kan adìyẹ mi.” Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn kì í dárúkọ Màámi.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà gbó. Ọ̀pá kékeré apá òsì, èyí tí wọ́n fi ń darí èèyàn inú géèmù, ti bàjẹ́. Àǹtí Gbóná ò ní tíì fọwọ́ kàn án, èèyàn rẹ̀ á ti máa dá lọ, á sì já sódò. Ẹ̀gbọ́n á ní, “O tún ti lọ wẹ̀?” Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún fóònù ṣe. Onítọ̀hún yí i lọ yí i bọ̀, ó ní, “Màmá, wọn ò ṣe irú ọ̀pá yìí mọ́. Tuntun ń bọ̀. Ẹ dúró de tuntun.” Kò pẹ́ sí i ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà kéde pé tí ọdún bá parí, àwọn ògbólógbòó ò ní lè bá ara wọn pàdé mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ máa rí èèyàn rẹ̀, tuntun ni kó rà.

Tuntun yìí gan-an ló wá di wàhálà. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ó ń bọ̀. Iye tí wọ́n máa tà á ni ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Ọkùnrin kan wà ní káńtà iwájú tó ń gba aṣọ lọ́wọ́ oníbàárà, Mo-gbọ́-pé ni wọ́n ń pè é. Kò fojú ara rẹ̀ rí nǹkan kan rí láyé, gbígbọ́ ló máa ń gbọ́. Lọ́jọ́ Ajé, ó yọjú sẹ́yìn.

“Àǹtí, mo gbọ́ pé kò ní ju owó oṣù yín kan lọ.”

Inú Àǹtí Gbóná dùn débi pé ó ń kọrin mọ́ áyọ́ọ̀nù lẹ́nu. Nígbà tó di Ọjọ́rú, Mo-gbọ́-pé tún dé.

“Àǹtí, ẹ fìdí mọ́lẹ̀. Mo gbọ́ pé owó oṣù méjì àti ààbọ̀ ni.”

“Láàárín ọjọ́ méjì! Ta ló sọ fún ẹ?”

“Ọkùnrin kan ni, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ kì í yẹ̀.”

“Ṣé ó ń bá ilé-iṣẹ́ náà ṣiṣẹ́ ni?”

“Rárá o. Àmọ́ àbúrò ìyàwó ẹ̀ ń ta ike tí wọ́n fi ń bo ojú fóònù.”

Àǹtí Gbóná gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. “Dá mi lóhùn dáadáa. Ike?”

“Wọ́n ti fi ìwọ̀n ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ sáwọn oníke, Àǹtí. Ojú ẹ̀ fẹ̀. Ohun tójú ẹ̀ bá fẹ̀, owó ẹ̀ á fẹ̀.”

Bí wọ́n ṣe ń bá a lọ nìyẹn fún oṣù mẹ́rin. Owó náà á gòkè láàárọ̀, á sọ̀ kalẹ̀ lọ́sàn-án. Ọ̀gá tó ni ilé ìfọṣọ, bàbá àgbàlagbà tí kì í fẹ́ ariwo, fìbínú gbé ojú sókè níbi tó ti ń to hángà. “Nígbà tí mo fẹ́ ra ẹ̀rọ ìfọṣọ wa yìí, mo bèèrè iye, wọ́n sọ fún mi, mo sanwó. Irú ọjà wo ni wọ́n ń pariwo ẹ̀ káàkiri tí wọn ò lè dárúkọ owó?”

“Ẹ bá mi bi wọ́n, Ọ̀gá,” ni Àǹtí Gbóná wí.

Ohun tó ń dùn ún jù ni pé kò mọ bí èèyàn ṣe ń tu owó jọ fún ohun tí kò ní iye. Ó ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé dípò kó wọkọ̀, ogójì ìṣẹ́jú ni lójoojúmọ́. Ó yẹ kó pààrọ̀ awò ojú rẹ̀, ó sún un síwájú. Bó bá ṣí agolo tó ń kówó sí, kò mọ̀ bóyá ó ti kù díẹ̀ ni tàbí ó ṣì jìnnà. Nígbà mìíràn, orí iṣẹ́ ni inú rẹ̀ á ti ru, á ní sí Mo-gbọ́-pé, “Tí o bá tún wá síbí láìmú òótọ́ dání, màá gbé áyọ́ọ̀nù yìí lé ẹ létí.”

Níkẹyìn, ilé-iṣẹ́ náà dá ọjọ́: Ọjọ́bọ̀, aago mọ́kànlá àárọ̀, àwọn á fi ẹ̀rọ náà han gbogbo ayé. Mo-gbọ́-pé fi hángà gbé fóònù rẹ̀ kọ́ sókè orí tábìlì Àǹtí Gbóná kó lè máa wò ó bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá pàápàá wá dúró. Wọ́n wo fíìmù náà fún odindi wákàtí kan. Wọ́n fi bí ojú ẹ̀rọ náà ṣe ń tàn hàn, wọ́n fi obìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín nínú rélùwéè hàn, wọ́n fi ọkùnrin kan tó jókòó sórí òkè gíga tó ń gbá géèmù hàn.

“Ta ló ń gbé géèmù gun òkè?” ni Ọ̀gá bèèrè.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ti fẹ́ sọ ọ́ báyìí,” ni Mo-gbọ́-pé wí.

Orin dún. Oṣù tí ẹ̀rọ náà máa jáde hàn gàdàgbà. Fíìmù sì parí.

“Iye ńkọ́?” Àǹtí Gbóná wí. Ó nàgà mú fóònù náà, ó mì í bí ẹni pé owó náà há síbì kan nínú rẹ̀. “Mo ní iye ńkọ́?”

Ìgbà yẹn ni Ọ̀gá fa imú. “Kí ló ń jó?”

Ṣẹ́ẹ̀tì funfun olùkọ́ àgbà kan ni. Áyọ́ọ̀nù ti jókòó lé kọ́là rẹ̀, ibẹ̀ sì ti pọ́n bí ẹ̀yìn búrẹ́dì. Àǹtí Gbóná gbé e sókè. Ọdún mọ́kàndínlógún.

Olùkọ́ náà wá gbaṣọ ní aago mẹ́rin. Àǹtí Gbóná ò jẹ́ kí Mo-gbọ́-pé bá òun sọ ọ́, òun fúnra rẹ̀ ló jáde síwájú.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà. Mo ti jó aṣọ yín.”

Olùkọ́ wo kọ́là náà. “Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí mo máa ń fi yangàn fáwọn èèyàn? Kí ló gbọ́kàn yín lọ?”

Ó ronú àtipurọ́, kò rí irọ́ tó bójú mu. “Géèmù ni, sà. Mò ń dúró kí wọ́n sọ iye tí wọ́n ń ta géèmù.”

Ọkùnrin náà ò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó kàn wò ó bí ẹni tó ń wo akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀wé tó fìdí rẹmi. “Mo ní ìpàdé lọ́la,” ló wí, ó sì lọ. Nínú agolo ni Àǹtí Gbóná ti mú owó ṣẹ́ẹ̀tì tuntun fún un.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, iye jáde: owó oṣù kan àti ààbọ̀. Kò sí ìkankan nínú gbogbo ohun tí Mo-gbọ́-pé gbọ́ tó bá a mu. Àǹtí Gbóná lọ sílé ìtajà, ó san ìdajì sílẹ̀, wọ́n fún un ní rìsíìtì. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sùn dáadáa. Ọjọ́ kọkànlá sí i ni ilé-iṣẹ́ náà kéde pé nǹkan ti wọ́n, owó oṣù méjì ló ti dà báyìí.

Àǹtí Gbóná ò lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ilé ìtajà ló gbà lọ.

“Màmá, kì í ṣe àwa la gbé e sókè,” ni ọmọge tó wà ní káńtà wí.

“Mo ti sanwó tèmi kí wọ́n tó gbé e sókè.”

“Àsansílẹ̀ lẹ san, mà. Ẹ ò tíì rà á.”

“Ó dáa. Ẹ dá owó mi padà.”

Ọmọge náà yí rìsíìtì sẹ́yìn, ó fi èékánná gígùn kan tọ́ka sí ìlà kan. Àǹtí Gbóná gbé e jìnnà sójú, ó gbé e súnmọ́, kò rí nǹkan kan kà. “Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?”

“Pé a kì í dá a padà, mà.”

Inú ìbínú yẹn ló wà tó fi pe Ẹ̀gbọ́n, lórí fóònù, èyí tí kò ṣe láti ọdún mẹ́ta, ó sì rojọ́ fún un.

“Ṣéyìí tó kù nìkan ni ìṣòro?” ni Ẹ̀gbọ́n bèèrè. “Fọkàn balẹ̀. Màá fi ránṣẹ́ lónìí.”

“Mi ò ní kẹ́ ẹ fi nǹkan kan ránṣẹ́.”

“Kí lo wá pè mí fún?”

“Ẹ wò ó, bẹ́ẹ̀ náà lẹ máa ń ṣe! Owó lẹ máa ń fi ránṣẹ́. Ẹ kì í wá! Ẹ fowó ránṣẹ́ sí Màámi náà. Èmi nìkan ni mo dúró níbẹ̀!”

 

“Àbúrò mi,” ni Ẹ̀gbọ́n wí, “ibi iṣẹ́ mi ti dá mi dúró ní oṣù méjì kí Màámi tó kú. Owó tí mo ní lọ́wọ́, bí mo bá fi wọ bàálù, mi ò ní lè ra pósí. Bí mo bá ra pósí, mi ò ní lè wọ bàálù. Ìwọ ò ní lè ra pósí, mo mọ̀. Mo wá ra pósí.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?”

“Ṣé ẹ̀gbọ́n ló máa sọ irú ẹ̀ fún àbúrò?”

Àǹtí Gbóná ní òun fẹ́ lọ síbi iṣẹ́, ó sì pa fóònù. Ó jókòó sórí pèpéle kan níwájú ilé ìtajà náà, ó ń sunkún, ó sì tún ń bínú, kò sì mọ ẹni tí ìbínú ọ̀hún wà fún mọ́.

Kò gba owó lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n. Ó bá hòtẹ́ẹ̀lì kan lọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta fún oṣù méjì. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ náà jáde, mẹ́fà péré ni ilé ìtajà rí gbà, òun sì ni ẹnì kẹsàn-án lórí ìlà. Ó tún dúró fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Nígbà tó gbé e délé nígbẹ̀yìn, tó tàn án, ó wá ọgbà wọn káàkiri inú rẹ̀, kò rí i. Lẹ́tà kékeré kan ló jáde: wọ́n ti sún ọgbà tuntun di ọdún tó ń bọ̀, ti àtijọ́ ò sì ṣeé kó wọ inú ẹ̀rọ tuntun.

Ó pe Ẹ̀gbọ́n. Kò kí i.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rí ohun táwọn oníṣẹ́ ibi yìí ṣe?”

“Mo rí i! Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé tèmi délé! Mo ti ń bú wọn látàárọ̀!”

Wọ́n jọ bú wọn dáadáa. Ẹ̀gbọ́n bú àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà, Àǹtí Gbóná bú ọkùnrin orí òkè. Ó ti tó ogún ìṣẹ́jú kí ẹnikẹ́ni tó ṣàkíyèsí pé ìjà ò tíì bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ọjọ́ Màámi. O ò sọ bó ṣe rí fún mi rí.”

“Ẹ ò bi mí.”

“Mò ń bi ẹ́ báyìí.”

Àǹtí Gbóná ti ẹ̀rọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó sọ ẹni tó wá àtẹni tí kò wá. Ó sọ ti mọ́tò tó takú lójú ọ̀nà, tí àwọn tó gbé pósí fi ní láti sọ̀ kalẹ̀ tì í. Ó sọ aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún Màámi, pé òun fúnra òun lòun lọ̀ ọ́, àti pé òun lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.