Àmì Dúdú Tó Dúró Sójú Kan

Mo kọ́kọ́ rò pé ìdọ̀tí ni. Àmì dúdú kékeré kan ló wà lójú gíláàsì iwájú bàlúù, bí ìgbẹ́ eṣinṣin, mo sì nawọ́ láti nù ún. Kò nù. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣùgbọ́n bí mo bá rántí ọwọ́ tí mo nà yẹn, ara mi a bù máṣọ.

Rògbòdìyàn ti gba Warri kan nígbà náà. Bàlúù kékeré oníjókòó mẹ́rin ni mò ń wà fún agbaṣẹ́ṣe kan tí gbogbo ayé ń pè ní Chief. Wọ́n ti jó ilé ìyá ìyàwó rẹ̀ ní etí odò. Ará Ìlàjẹ bí èmi ni Mama, òun sì ni a fẹ́ gbé lọ sí Bìní láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kí a tó gbéra, Chief tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kì mí nílọ̀.

"Kọ́lá, no talk for radio o. Those boys get radio. Dem go hear where we dey."

"Chief, na talk I take dey see people for up."

"You no get eye?"

Mo ní ojú. Ṣùgbọ́n ilé ìṣọ́ pápákọ̀ wa kò ní ẹ̀rọ tó ń fi bàlúù hàn wọ́n. Ohun tí awakọ̀ bá sọ nínú rédíò, ibi tó wà, bó ṣe ga tó àti ibi tó ń lọ, òun ni wọ́n mọ̀, òun náà ni àwa awakọ̀ fi ń yẹra fún ara wa. Ọ̀gá Adémọ́lá tó kọ́ mi níṣẹ́ a máa gbá mi lórí bí mo bá dákẹ́. Òun náà ló kọ́ mi pé ọkọ̀ tó bá ń sún lójú gíláàsì rẹ kò ní kọlù ọ́. Èyí tó dúró sójú kan, tó kàn ń tóbi sí i, ọ̀dọ̀ rẹ ló ń bọ̀ tààrà. Ẹ̀yin méjèèjì ni kí ẹ yà sí ọ̀tún.

Mo gbọ́ ti Chief. Bí a ṣe kúrò lágbègbè pápákọ̀, mo dágbére fún ilé ìṣọ́, mo pa ẹnu mọ́. Ìkùukùu òjò ti sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀rù ìbọn sì wà nísàlẹ̀. Ọ̀nà ọlọ́dà tó ti Effurun lọ sí Bìní ni mò ń tẹ̀ lé, torí pé ó jìnnà sí àwọn odò tí àwọn oníbọn wà. Kò wá sí mi lọ́kàn pé gbogbo awakọ̀ tó ń sá fún ìbọn ló máa tẹ̀ lé ọ̀nà yẹn kan náà, tí a ó sì fún ara wa pọ̀ lábẹ́ ìkùukùu kan náà. Mo ṣáà ń yí orí kiri.

"Ọmọ mi, ṣé ọrùn ló ń dùn ẹ́ ni?" Mama bi mí láti ẹ̀yìn.

"Rárá o, Mama. Mò ń wò ó bóyá ẹnìkan ń bọ̀ ni."

"Lókè ibí?" Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ látìgbà tí ilé rẹ̀ ti jó.

Mo yíjú síwájú, mo rí àmì náà, mo nawọ́ sí i. Ó tó hóró ẹ̀wà. Kò sún. Ó tó ọsàn. Kò sún. Ó yọ apá méjì.

Mo pariwo, mo fi gbogbo agbára yí ọkọ̀ sí ọ̀tún. Àpò Mama fò lọ lu òrùlé. Bàlúù kejì kọjá lápá òsì wa, ó súnmọ́ wa débi pé mo rí epo tó ti ṣàn gbẹ sí abẹ́ ikùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kò sí nǹkan kan mọ́ lójú ọ̀run.

Òyìnbó là ń sọ nínú rédíò bàlúù, òfin ni. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni ohùn tó bú jáde.

"Yéè! Ta nìyẹn? Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?"

Mo mọ ohùn náà.

"Èmi ni, sà. Kọ́lá ni."

"Kọ́lá? Kọ́lá tèmi? Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀yin náà ò sọ̀rọ̀, sà."

Mo gbọ́ bó ṣe ń mí gúlegúle. "Àwọn tí mo gbé ló ní kí n dákẹ́."

Ó yà mí lẹ́nu ju bí ikú ṣe kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ. Ọ̀gá Adémọ́lá! Ẹni tó ń gbá mi lórí!

Chief náà ti dé ohun tí a fi ń gbọ́ rédíò sórí. Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó gbọ́ bí ohùn àwa méjèèjì ṣe ń gbọ̀n.

"You know am?"

"Na him teach me work."

Chief gbé ọwọ́ lé mi léjìká. "Talk," ó ní. "Abeg, talk."

Mo sọ ibi tí a wà, bí a ṣe ga tó, ibi tí à ń lọ. Ẹnikẹ́ni kò dáhùn, mo tún un sọ. Bí mo bá dákẹ́ kí n lè mí, Chief á ní, "Talk." Báyìí ni a ṣe kọjá Sapele, báyìí náà ni a ṣe fẹsẹ̀ kanlẹ̀ ní Bìní. Mo pa ẹ́ńjìnnì. Mama ti sọ̀ kalẹ̀, ó ń gbọn aṣọ rẹ̀. Chief fúnra rẹ̀ ló rọra bọ́ rédíò etí kúrò lórí mi.

"We don land, Kọ́lá," ó ní. "We don land." Mo ṣì ń sọ ibi tí a wà.