Fàòsíyà, Olùtà Bédé, àti Ọjọ́ Tí Èéfín Bo Gbọ̀ngàn

Ohun tí Fàòsíyà ń tà kò fẹ́ omi, kò fẹ́ oòrùn, kò fẹ́ ikán, kò sì fẹ́ ọwọ́ èèyàn. Bédé àtijọ́ ni, àwọn ìwé ìtàn aláwòrán tí wọ́n ti tẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé àti ní Dàkáà kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń rà á lónìí. Pépà wọn ti pọ́n bí ewé tó fẹ́ já. Bí èèyàn bá ṣí wọn lójijì, ẹ̀yìn wọn á ya. Bí ó bá fi itọ́ kan ìka kó tó ṣí ojú-ewé, àmì ìka rẹ̀ á kù síbẹ̀ títí láé. Nítorí náà, nígbàkigbà tí oníbàárà bá na ọwọ́, Fàòsíyà á máa rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ á máa já, ojú rẹ̀ kò sì ní kúrò lára ìka onítọ̀hún.

Ladjifarani, àdúgbò kan ní Parakou nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ni òun àti ọkọ rẹ̀, Tìjáànì, ń gbé. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá bàbá rẹ̀ ti ṣòwò dé Parakou, Parakou náà ni wọ́n sì bí Fàòsíyà sí. Ìborùn ló kọ́kọ́ ń tà ní ọjà Arzèkè, lápá ibi tí àwọn aláṣọ wà. Tìjáànì ní tirẹ̀, awakọ̀ kámíyọ̀ ni. Kò pẹ́ nílé-ìwé. Inú bédé ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka Faransé, àwòrán ń ràn án lọ́wọ́ níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti le. Bó bá já ẹrù tán ní Kọ̀tọ̀nù, ibi tí àwọn tó ń kó kúrò nílùú ti ń ta ẹrù ilé wọn ló ń gbà lọ, á sì ra bédé bọ̀. Nígbà tó yá, ìwé kún abẹ́ ibùsùn, ó kún orí àpótí aṣọ, ó fẹ́ lé àwọn ọmọ kúrò ní yàrá.

Ọdún tí kámíyọ̀ rẹ̀ dojú dé lọ́nà N'Dali, egungun itan rẹ̀ fọ́. Ó yè é, ṣùgbọ́n kò lè wakọ̀ mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kó kó díẹ̀ nínú àwọn ìwé náà lọ sọ́jà. Fàòsíyà to mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìborùn. Olùkọ́ kan tó ń kọjá rí wọn, ó dúró bí ẹni tó pàdé ìbátan tó ti sọnù, ó sì ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láì dúnàádúrà. Bí Fàòsíyà ṣe di oníbédé nìyẹn.

Ó ti bá wọn dé àpéjọ àwọn olólùfẹ́ bédé rí, ní Kọ̀tọ̀nù, ojú rẹ̀ sì rí nǹkan. Àwọn ọ̀dọ́ ló kún ibẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn múra bí akọni inú ìtàn, wọ́n bojú, wọ́n da aṣọ gígùn borí, wọ́n mú idà onípáálí lọ́wọ́. Ìwé tuntun láti ilẹ̀ Jàpáànù ni wọ́n ń wá. Àwọn tó yà sídìí tábìlì Fàòsíyà ń fi fóònù ya ojú-ewé kan tẹ̀lé òmíràn, wọ́n kà á lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n bá tiwọn lọ. Obìnrin kan gbé ife bísápù, omi ìṣápá pupa, lé orí tábìlì, ó dànù sórí ìwé tí Tìjáànì fẹ́ràn jù. Nígbà tí Fàòsíyà ń palẹ̀ mọ́, ó rí i pé ẹnì kan ti fi ìwé sábẹ́ aṣọ lọ. Nínú bọ́ọ̀sì tó gbé e padà, ohun tí yóò sọ fún ọkọ rẹ̀ ló ń rò, kò lè jẹun, kò lè sùn.

Nítorí náà, nígbà tí Olúwadámiláre wá bá a ní Arzèkè, ó ti ń mirí kí ọmọkùnrin náà tó sọ̀rọ̀ tán. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni Olúwadámiláre, àwòrán yíyà ló fi ń kọ́ àwọn ọmọdé ní àdúgbò Banikanni. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ ṣe àpéjọ tiwọn ní Parakou.

"Tántí, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé Kọ̀tọ̀nù nìkan ni wọ́n á ti máa rí irú ìwé yìí."

"Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi. Èrò yẹn pọ̀ jù. Wọ́n sì tún ń bojú."

Ó sọ fún Tìjáànì nílé, ó rò pé yóò gbè é. Tìjáànì rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Rùqáyyàh, lọ. Ìwé tí kò rẹ́ni kà á, ikán ló ń dúró dè."

Ọjọ́ Sátidé kan nígbà ọyẹ́ ni àpéjọ náà bọ́ sí, nínú gbọ̀ngàn kan tí wọ́n háyà ní Banikanni. Ìpẹ̀kun ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni wọ́n fi tábìlì Fàòsíyà sí. Ilẹ̀kùn onírin kan wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fi ọ̀pá irin dábùú rẹ̀.

"Ilẹ̀kùn yìí ńkọ́?" ni Fàòsíyà bi Olúwadámiláre.

"A kì í ṣí i, Tántí. Iwájú ni gbogbo èèyàn ń gbà. Ẹ kó páálí yín tì í, ẹ̀yin náà á lè ráyè jókòó."

Fàòsíyà tún wo ilẹ̀kùn náà. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Síbẹ̀, ó kó àwọn páálí ìwé tì í, ó tò wọ́n lé ara wọn títí wọ́n fi ga dé àyà rẹ̀.

Kó tó di ọ̀sán, gbọ̀ngàn ti kún dẹ́nu. Orin ń dún, èèyàn ń fara gbún èèyàn. Ní gbogbo ìgbà tí ẹnì kan tó bojú bá sún mọ́ tábìlì, Fàòsíyà á gbé ọwọ́ lé orí ìwé rẹ̀. Ẹni tó bojú, a ò mọ ibi tó ń wò. Ọmọbìnrin kan wá, ó lẹ ìyẹ́ ńlá méjì tí wọ́n fi fóòmù gé mọ́ ẹ̀yìn. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ká ìbòjú rẹ̀ sókè.

"Ẹ kú ọjà, Tántí. Hàníyyà ni orúkọ mi. Mo rí i pé ìbòjú yìí ń dẹ́rù bà yín, ni mo ṣe ṣí i."

Ìgbà yẹn ni Fàòsíyà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín látọkàn lọ́jọ́ náà. Hàníyyà kò ra nǹkan, ṣùgbọ́n ó dúró tì í, ó ń bá a sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n nu ọwọ́ wọn kí wọ́n tó fọwọ́ kan ìwé.

Lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán ni bàbá kan dé, ará Kétu tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ aṣọ́bodè. Ó rí ìwé pẹlẹbẹ kan, ìtàn arìnrìn-àjò kan nínú aṣálẹ̀, ó gbé e sí imú, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó di ojú. "Ìwé tí mo kà nígbà tí mo dùbúlẹ̀ àìsàn lọ́mọdé rèé," ni ó wí. "Ìyá, ẹ bá mi mú un dání. Mo fẹ́ lọ mú owó nínú ọkọ̀." Ó yí padà, ó gba àárín èrò lọ síwájú.

Kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí kúráàn, iná mànàmáná, fi lọ. Gbogbo gbọ̀ngàn pariwo, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó padà dé, tagbáratagbára ló dé. Gílóòbù kan bẹ́ lókè pèpéle, iná ta jáde lára wáyà, ó bọ́ sórí aṣọ dúdú tí wọ́n ta sí ẹ̀yìn. Àwọn kan pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ara eré ni. Aṣọ náà gbiná. Òkè fóòmù tí wọ́n fi ṣe pèpéle lọ́ṣọ̀ọ́ gbiná tẹ̀lé e, èéfín dúdú sì bẹ̀rẹ̀ sí í rú bí ìgbà tí wọ́n ń sun táyà.

Ẹnì kan ké pé, "Iná!" Ẹlòmíràn ké e ní Faransé, ẹlòmíràn ní Dendi, gbogbo rẹ̀ di ariwo kan ṣoṣo. Èrò wọ́ lọ síwájú. Apá kan ilẹ̀kùn iwájú ló wà ní ṣíṣí. Apá kejì, inú ni wọ́n ń fà á sí kó tó lè ṣí, èrò sì ti fún mọ́ ọn débi pé kò sẹ́ni tó lè fà á.

Ẹsẹ̀ Fàòsíyà kú mọ́lẹ̀. Ó fẹ́ pe orúkọ Ọlọ́run, ẹnu rẹ̀ gbẹ, ọ̀rọ̀ tó ti ń pè láti kékeré fò lọ mọ́ ọn lórí. Ohun kan ṣoṣo tó rò ni pé pépà ló yí òun ká. Ó gbá páálí kan mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ, ó há síbẹ̀, kò lè lọ síwájú, kò lè lọ sẹ́yìn. Ó ń gbọ́ igbe ọmọdé kan, kò sì mọ ibi tó ti ń wá. Àwọn tí kò ráyè níwájú yí padà, wọ́n ń sáré bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ nínú èéfín. Wọ́n kọ lu tábìlì rẹ̀, tábìlì dojú dé.

"Tántí! Ilẹ̀kùn! Ẹ̀yìn yín!"

Hàníyyà ni. Ó ti já ìyẹ́ kan kúrò lẹ́yìn rẹ̀, èkejì ń wọ́ nílẹ̀. Fàòsíyà wẹ̀yìn, ó rí ògiri páálí tí òun fúnra rẹ̀ mọ. Ó ju èyí tó wà láyà rẹ̀ nù. Ó gbé òmíràn, ó jù ú. Páálí ń bẹ́, ìwé ń tú jáde, ẹsẹ̀ èèyàn ń tẹ̀ wọ́n. Ìwé tí kì í jẹ́ kí ọmọ tó bí fọwọ́ kàn, ó ń jù wọ́n bí ẹni ń da ilẹ̀ nù, ó ń ké, kò sì gbọ́ igbe ara rẹ̀.

Wọ́n dé ibi ilẹ̀kùn, ọ̀pá irin kò yí. Ó ti dípẹtà. Fàòsíyà fà á títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Èéfín wọ̀ ọ́ lọ́fun. "Mo kú," ni ó ń wí lọ́kàn, "ibí ni mo kú sí." Hàníyyà fa ẹsẹ̀ tábìlì tó ti yọ, àwọn méjèèjì jọ gbá a mú, wọ́n ń fi lu ọ̀pá náà, wọ́n ń lù ú, àwọn èèyàn sì ń tì wọ́n láti ẹ̀yìn títí imú Fàòsíyà fi lẹ̀ mọ́ irin. Lójijì ọ̀pá fò sókè. Ilẹ̀kùn ṣí síta, oòrùn wọlé, èrò sì gbé e jáde láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀.

Kò sẹ́ni tó kú. Àwọn ọkùnrin àdúgbò fi yẹ̀pẹ̀ àti omi pa iná náà kí àwọn panápaná tó dé. Àwọn kan fara pa, ọ̀pọ̀ ń húkọ́. Fàòsíyà jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, kò ní bàtà lẹ́sẹ̀, kò ní ìborùn lórí, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Olúwadámiláre wá dọ̀bálẹ̀ síwájú rẹ̀, omijé ti da èéfín tó wà lójú rẹ̀ rú.

"Tántí, ẹ foríjì mí. Èmi ni mo ní kí ẹ kó wọn síbẹ̀."

Fàòsíyà wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. "Ta ló kù nínú ibẹ̀?" ni ó bi í. Bó ti ń dá a lóhùn pé kò sí ẹnikẹ́ni, Fàòsíyà tún ń bi í.

Nígbà tó dé ilé, Tìjáànì kò béèrè ìwé kankan. Ó fi òrí pa àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó fi aṣọ wé e. Àwọn ará àdúgbò ń wá kí i, wọ́n ń pè é ní akọni. Kò fẹ́ gbọ́ ọ.

"Bí mi ò bá kó páálí síbẹ̀, wọn ì bá ti tètè jáde," ni ó sọ fún ọkọ rẹ̀. "Bí ẹnì kan bá kú ńkọ́, Bàbá Rùqáyyàh? Bí ọmọ tó ń ké yẹn bá kú ńkọ́?"

"Èmi náà, bí kámíyọ̀ bá fọn fèrè ní títì, mo ṣì ń di ibùsùn mú," ni Tìjáànì wí. "Mi ò sọ fún ọ rí. Mo rò pé o máa fi mí ṣẹ̀sín."

Fàòsíyà kò fi í ṣẹ̀sín. Ó sún mọ́ ọn, wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀.

Ó gbọ́ pé bàbá ará Kétu yẹn wà ní ilé ìwòsàn, pé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn iwájú, apá rẹ̀ sì ti kán. Ẹ̀rù bà á láti lọ. Ó dé ẹnu géètì, ó padà. Ó tún lọ ní ọjọ́ kejì, ó sì wọlé. Nínú àwọn ìwé tí Olúwadámiláre ṣà jọ fún un, ó ti rí ìdajì ìwé arìnrìn-àjò náà, àmì bàtà hàn lára rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó fi lé bàbá náà lọ́wọ́.

"Ẹ má bínú, bàbá. Mi ò rí ìyókù."

Bàbá náà fi ọwọ́ tó dáa ṣí i. "Èyí tí kò sí yẹn, mo mọ̀ ọ́n sórí," ni ó wí. "Ẹ jókòó, kí n sọ ọ́ fún yín." Fàòsíyà sì jókòó, ó gbọ́ ọ dópin.

Ó padà sí Arzèkè pẹ̀lú ìwé tó kù nílé. Bí àwọn asunẹran bá dáná nítòsí, á dìde kúrò níbẹ̀, á fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún aláṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò wọ ilé tó ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo mọ́, bó bá tiẹ̀ jẹ́ ìkómọ.

Nígbà tí ọyẹ́ tún dé, Olúwadámiláre wá. Ó dúró lókèèrè, ó fẹ́ mọ̀ bóyá yóò lé òun. Ìta gbangba ni wọ́n fẹ́ ṣe àpéjọ náà lọ́tẹ̀ yìí, lábẹ́ igi máńgòrò. Fàòsíyà kọ́kọ́ lọ wo ibẹ̀ fúnra rẹ̀, ó rìn yí i ká, ó rí i pé kò sí ògiri níbì kankan, kó tó gbà.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ó to ìwé díẹ̀ sórí ẹní. Afẹ́fẹ́ ń ṣí wọn, ó ń fi òkúta tẹ̀ wọ́n. Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá pariwo lẹ́yìn rẹ̀, á ta gìrì. Obìnrin kan tí kò mọ̀ rí tẹ̀ síwájú ẹní, ó bi í pé èló ni ìwé kan. Fàòsíyà gbé e sókè kó lè rí i, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí ìwé náà fi ń mì pẹ̀lú rẹ̀.

"Háà, òtútù yìí mú yín púpọ̀," ni obìnrin náà wí. Ó bọ́ ṣáàlì ọrùn rẹ̀, ó fi bo èjìká Fàòsíyà, ó sì jókòó tì í lórí ẹní láti yan ìwé.