Kúbùsù Lórí Ẹ́ńjìnì

Ẹ́ńjìnì píkọ́ọ̀pù mi kò kú. Wáyà púlọ́ọ̀gì kan ló là.

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ọkọ̀ yìí ti ń gbọ̀n, tí ó ń wúkọ́. Mẹkáníìkì mi ní àfi ká tú ẹ́ńjìnì. Àárọ̀ yìí ni mo fẹ́ gbà fún un. Ọkọ̀ yìí sì ni ìyàwó mi fi ń kó búrẹ́dì lọ sí Ẹgbẹ́dá. Ibẹ̀ la ti ń jẹun.

Bàbá Ràímì, àgbà mẹkáníìkì tó ń gbé ẹ̀yìn ilé wa ní Ìkòtún, ló dá mi dúró.

"Ìgbà wo ló máa ń ṣe é?"

Ẹnikẹ́ni ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí.

"Tí òjò bá rọ̀ ni, Bàbá."

"Lọ mú kúbùsù wá."

Ìyàwó mi ló gbé e jáde. "Kúbùsù, nínú oòrùn yìí? Àbí ibà ń ṣe ọkọ̀ náà ni?"

"Òtútù ló mú un, ìyàwó."

Mo tan ọkọ̀. Bàbá bu omi sẹ́nu, ó fọ́n ọn sára àwọn wáyà bí alágbàfọ̀ ṣe ń fọ́n ọn sára aṣọ tó fẹ́ lọ̀. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó wá fi kúbùsù bo àwa méjèèjì mọ́ ẹ́ńjìnì kí ibẹ̀ lè ṣókùnkùn. Mo fojú ara mi rí i: iná kékeré ń ta láti ara wáyà kẹta sára irin.

A ti pààrọ̀ rẹ̀. Kí Ọlọ́run bá wa dá Bàbá sí.

Ta ni wọ́n ti bá tú ẹ́ńjìnì lásán rí nínú yín? Ẹ sọ ọ́, ká gbọ́.

Òjò ti ṣú lókè Ìdímù. Kò tíì rọ̀.