Gààrí Bàbá Mi àti Ṣúgà Alátọ̀gbẹ

Nígbà tí àtọ̀gbẹ mú bàbá mi, mo ra ṣúgà alátọ̀gbẹ fún wọn, èyí tó ń dùn láìní ṣúgà nínú. Látìgbà náà, gààrí ni wọ́n ń mu tàárọ̀-talẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá wọn nídìí abọ́ tánńganran ńlá nílé wa ní Ìrẹmọ. Mo já abọ́ náà gbà, mo là á mọ́lẹ̀, ó fọ́ yángá. Wọ́n fọ́ mi létí, òòyì kọ́ mi.

Wọ́n ní, "Ṣé o rí ṣúgà níbẹ̀ ni, ọmọ burúkú?"

Mo pariwo, "Gààrí yẹn fúnra ẹ̀ ńkọ́, Bàbá? Ẹ bá ti gbé e mì, ó ti di ṣúgà!"

Ìgbájú kejì ló dá mi lóhùn. Wọ́n bínú gba ẹ̀yìnkùlé lọ tọ̀. Kí n tó gbá gààrí ilẹ̀ tán, èèrà ti ṣù bo ibi tí wọ́n tọ̀ sí.